Èrò Mẹ́rin, Bẹ́líìtì Mẹ́ta

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé bẹ́líìtì yẹn sáyà o. Àwọn Road Safety wà lẹ́nu afárá.”

Dẹ́rẹ́bà ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Ìdúmọ̀tà. Iwájú dáńfó ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé báàgì lé itan wà láàárín èmi àti dẹ́rẹ́bà. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn èjìká, mo fa bẹ́líìtì náà jáde lára òpó ilẹ̀kùn. Ó ti dúdú, ó ti le bí awọ gbígbẹ. Ahọ́n irin tó wà létí rẹ̀ ṣì pé, àmọ́ ẹnu tó yẹ kí ahọ́n náà wọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti tú u kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fi èkísà dí ojú ihò rẹ̀. Mo bi dẹ́rẹ́bà pé níbo ni kí n há a sí. Ó ní: “Ẹ má wulẹ̀ há a, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà dì í mú títí a ó fi kọjá.”

Mo dì í mú. A kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu afárá yọjú wo iwájú ọkọ̀, wọ́n rí okùn dúdú lórí àyà mi àti lórí àyà dẹ́rẹ́bà, wọ́n juwọ́ pé ká máa lọ. A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ sí Ìddó tí dẹ́rẹ́bà fi jọ̀wọ́ tirẹ̀, èmi náà jọ̀wọ́ tèmi, torí ọwọ́ ti ń ro mí. Láti ibẹ̀ dé Ọ̀ṣòdì, àwa èrò 18, dẹ́rẹ́bà, àti kọ̀ndọ́tọ̀ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tí ohunkóhun dè mọ́ ìjókòó.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìṣe yìí sí oríkunkun lásán. Mo rò pé bí a bá kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà dáadáa, tí a sì bu owó ìtanràn lé e lórí, ọ̀rọ̀ á yanjú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo fara balẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó dáńfó, mo rí i pé bẹ́líìtì kò tilẹ̀ lè sí níbẹ̀, àfi tí a bá tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìdí. Ara ìjókòó ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe orí àyà.

Nínú Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀, ta ni yóò rántí bẹ́líìtì? Láti Ẹnu Ọ̀wá bọ́ sí Ìdúmọ̀tà, láti Òkè Àrìn dé Àpọ́ngbọ̀n, alábàárù tó ru ìdì aṣọ máa ń yára ju ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ á wọ́, á dúró, á tún wọ́. Ènìyàn lè jókòó sínú dáńfó fún ogójì ìṣẹ́jú kó má tíì kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ara á tú, oorun á máa kun èrò bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Àmọ́ erékùṣù ni ibí yìí. Kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè ti ibẹ̀ lọ sí Ọ̀ṣòdì, Yábà tàbí Ìkòròdú tí kò ní gun afárá: Carter, Èkó tàbí Third Mainland. Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, gùn tó kìlómítà 11.8. Kò sí ọjà lórí rẹ̀, kò sí ibi tí èrò ń sọ̀. Dẹ́rẹ́bà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti jẹ ní wákàtí kan ní Ìdúmọ̀tà á fẹ́ gba wákàtí náà padà lórí omi. Bí táyà bá ti kan ojú afárá báyìí, iná á bọ́ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Kí èrò tó ta jí, ọkọ̀ tó ń wọ́ ti di ọkọ̀ tó ń fò. Kò sì sí ẹni tó ń wá bẹ́líìtì nígbà náà. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde; inú gáréèjì ló yẹ kéèyàn ti de bẹ́líìtì, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń kún, tí dẹ́rẹ́bà ṣì ń bá agbèrò fa ọ̀rọ̀ owó lóòdù.

Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ọkọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ kọlù ú. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kọlu ohunkóhun. Nígbà tí ọkọ̀ ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, gbogbo ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, àpò ẹ̀wà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ ló jọ ń sá kìlómítà 50. Tí ọkọ̀ bá wá dúró gbì, ara kò mọ̀. Eré tí ara ń bá bọ̀ náà ló máa bá lọ, títí yóò fi pàdé ohun tó máa dá a dúró: sítíárìn, gíláàsì iwájú, irin ẹ̀yìn ìjókòó, tàbí orí ọmọlàkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí eré yẹn ṣe tó, kó lọ dúró ní òpópónà Bamgbose, lọ́nà Campos, kó gbójú sókè wo fèrèsé òkè irú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́. Ká ní fèrèsé kan fi mítà 5 ga sílẹ̀. Ẹni tó bá já bọ́ láti ibẹ̀, eré tí yóò fi kanlẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 35 ní wákàtí kan, irú eré tí à ń pè ní “jẹ́jẹ́” nínú dáńfó. Kìlómítà 50 dà bí ìgbà tí ènìyàn já láti mítà 10, ìyẹn òkè ilé alájà mẹ́ta. Kìlómítà 80 lórí afárá tó mítà 25, ilé alájà mẹ́jọ. Kò sí ìyá tí yóò jókòó sẹ́nu fèrèsé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, kó sì máa tẹ fóònù. À ń ṣe é nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́, torí pé ojú kò rí gíga náà.

Bẹ́líìtì kì í pa eré. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ara láyè láti dúró díẹ̀díẹ̀. Iwájú ọkọ̀ tó kọlu nǹkan máa ń rún wọlé, bóyá ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹni tí bẹ́líìtì so mọ́ ọkọ̀ á jàǹfààní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 60 yẹn. Òun àti ọkọ̀ ni wọn yóò jọ máa dúró. Ẹni tí nǹkan kan kò so mọ́ ọkọ̀ á máa fò lọ nígbà tí ọkọ̀ ti dúró tán, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ni irin tàbí gíláàsì yóò sì fi dá a dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wo ti ọmọ. Ọmọ tó wúwo tó kílò 10, tí ìyá rẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́yìn kó tó wọ ọkọ̀, tó wá gbé e lé itan: nínú irú ìkọlù kìlómítà 50 yẹn, ọmọ náà á wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju kílò 150 lọ, ìyẹn àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan náà, láìròtẹ́lẹ̀. Kò sí apá ìyá tó lè dì í mú, bó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń sọ pé bẹ́líìtì lè dín ewu ikú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kù dé ìdajì. Irú èyí tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí, tí gbogbo ayé ń lò lónìí, Nils Bohlin ló ṣe é ní 1959 nílé iṣẹ́ Volvo ní Sweden. Volvo sì fi í sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ mìíràn náà máa ṣe é. Bohlin ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ìjókòó tó ń ju awakọ̀ òfuurufú jáde nínú ewu. Ó mọ ohun tí eré ń ṣe lára ènìyàn.

Kí bẹ́líìtì tó lè ṣiṣẹ́ yìí, ibi tí wọ́n so ó mọ́ gbọ́dọ̀ le ju ara ènìyàn lọ fíìfíì. Ojúkò mẹ́ta ni: ọ̀kan lókè, lára òpó ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, méjì nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí lọ́tùn-ún lósì. Bóòtù líle ni wọ́n fi há wọn mọ́ eegun ọkọ̀. Nínú òpó ni àgbá kékeré kan wà tó ń ká okùn náà. Tí a bá rọra fà á, á jáde. Tí a bá já a lójijì, ohun kan nínú rẹ̀ á kọ́, kò ní jáde mọ́. Ẹnikẹ́ni lè dán an wò kí ọkọ̀ tó gbéra: ẹ já a gìrì lẹ́ẹ̀kan. Tó bá kọ́, ó wà láàyè. Tó bá ń tú jáde bí okùn kànga, ó ti kú, ẹ wá ìjókòó mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí dáńfó wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Volkswagen tó di dáńfó ní Èkó, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ní Jámánì kí wọ́n tó di tòkunbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nínú ọkọ̀ òkun, ìjókòó iwájú nìkan ló wà nínú wọn, ẹ̀yìn ṣófo bí yàrá tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti ń gé fèrèsé sí wọn lára, ibí náà ni jórinjórin ti ń gbé ìjókòó sí i. Mo ti dúró ti jórinjórin kan rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, lábẹ́ afárá. Kò lo tépù láti fi wọn ìjókòó. Ó jókòó lórí irin tó ti jó pọ̀, ó sún, ó tún jókòó, ó sún, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ibi tí ìdí rẹ̀ parí sí nígbà kẹrin ló fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, ibẹ̀ ló sì gé irin náà. Lẹ́yìn náà ló jó ẹsẹ̀ ìjókòó mọ́ páànù ilẹ̀ ọkọ̀, páànù tí mo lè fi èékánná dán bó ṣe fẹ́lẹ́ tó níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ó to pákó lé irin, ó tẹ́ fóòmù lé pákó, ó fi lẹ́dà dúdú bò ó. Ó mọṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì dán. Àmọ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìjàǹbá bá dé, máa ń fà tu láti ìdí, òun àtàwọn tó wà lórí rẹ̀ á jọ fò síwájú.

Ohun tó mú mi sọ pé ìjókòó ló yẹ ká kọ́kọ́ bá wí nìyẹn. Ẹni tó bá ra bẹ́líìtì ní ọjà Ládípọ̀, tó ní kí wọ́n jó o mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀, ńṣe ló so èrò mọ́ ẹrù tó fẹ́ fò. Ó sàn kí ọ̀gá ọkọ̀ fi owó yẹn ra ìjókòó tí wọ́n tú lára bọ́ọ̀sì èrò tòótọ́, kó sì fi bóòtù há a mọ́ ṣáásí.

Nǹkan kejì wà nínú àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn. Bẹ́líìtì máa ń kà. Bí bẹ́líìtì mẹ́ta bá wà lórí ìjókòó kan, èrò mẹ́ta ló gbà. Ẹni kẹrin kò ní ibi tí yóò fi ara rẹ̀ sí. Gbogbo ẹni tó ti wọ dáńfó rí ló sì mọ igbe kọ̀ndọ́tọ̀: “Mẹ́rin-mẹ́rin ni o! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!” Ká ní ìlà ìjókòó mẹ́rin ló wà lẹ́yìn. Mẹ́rin-mẹ́rin jẹ́ èrò 16. Mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ 12. Owó èrò mẹ́rin ti lọ nìyẹn ní ìrìn kan, ìdá mẹ́rin owó ẹ̀yìn ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ san délífà fún ọ̀gá ọkọ̀ ní alẹ́, yálà ọjọ́ dáa ni tàbí kò dáa. Ó ń san owó lóòdù ní gáréèjì, ó ń já owó fún agbèrò láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀, ó sì ń ra epo tí owó rẹ̀ fò sókè láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bí a bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi bẹ́líìtì mẹ́ta sórí ìjókòó, owó oúnjẹ rẹ̀ la ní kó fi sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń gbèjà rẹ̀. Mo ń sọ ibi tí bẹ́líìtì wọ̀nyẹn gbà lọ ni.

A ti rí i rí pé ó ṣeé ṣe. Ní 2020, lásìkò kòrónà, ìjọba Èkó ní kí ọkọ̀ èrò má gbé ju ìdá 60 nínú 100 èrò tó yẹ kó gbé lọ. Fún ìgbà díẹ̀, èrò jókòó, àyè sì wà láàárín wọn. Owó ọkọ̀ fò sókè lójú ẹsẹ̀, àwọn èrò ráhùn, wọ́n sì san án. Ìgbà yẹn nìkan ni mo jókòó sẹ́yìn dáńfó tí orúnkún mi kò kan irin ìjókòó iwájú. Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin padà dé, àmọ́ owó ọkọ̀ kò padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Erékùṣù Èkó ti ń gun ọkọ̀ tí kò ka èrò. Bọ́lẹ̀káàjà ni àwọn bàbá wa gùn, pákó ni ìjókòó rẹ̀, pákó ni ara rẹ̀. Bọ́ọ̀sì Zarpas wà láàárín ìlú títí di 1958 tí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó rà á. Mọ́lùẹ́ tẹ̀ lé e, àwọn tó dúró nínú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó jókòó lọ. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, nínú ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn ará ilé wa tó ń gbé Ìlú Ọba ti máa ń já mi ní koro. Wọ́n á ní: “Ṣebí bọ́ọ̀sì pupa tí à ń wọ̀ ní Peckham kò ní bẹ́líìtì? Èrò ń dúró nínú rẹ̀.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì pupa yẹn tóbi, ó wúwo, àárín ìlú ló ń rìn, kì í pẹ́ kó tó tún dúró. Bí ọkọ̀ kékeré bá kọlù ú, òun kọ́ ni yóò gba ìyà tó pọ̀ jù. Bọ́ọ̀sì kékeré yàtọ̀. Ní Ìlú Ọba kan náà, láti 2001 ni òfin ti ní kí bọ́ọ̀sì kékeré àti bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn tuntun ní bẹ́líìtì, láti 2006 ló sì ti ní kí àgbà tó bá jókòó síbi tí bẹ́líìtì wà dè é. Dáńfó kì í ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀sì pupa. Bọ́ọ̀sì kékeré ni, ó fúyẹ́, ó sì ń sáré ọ̀nà jíjìn lórí afárá. Lójú tèmi, bọ́ọ̀sì ńlá pàápàá tó bá fẹ́ gba orí Third Mainland kò yẹ kó gbé ẹni tó dúró.

Òfin kò ṣàì sí. Láti 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, pẹ̀lú akitiyan Wọlé Ṣóyínká. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá FRSC, àwọn Road Safety wa yìí, sílẹ̀, Ṣóyínká náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Èkó dá LASTMA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú pópó, sílẹ̀ ní 2000. Ìṣòro tí mo rí ni pé ojú òfin kì í kọjá ìjókòó iwájú. Òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́nu afárá ń wo àyà ènìyàn méjì, àwọn 16 tó wà lẹ́yìn kò sí nínú ìṣirò. Ìdí tí okùn dúdú ọjọ́ yẹn fi tó nìyẹn. Ká ní òṣìṣẹ́ náà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kó mi ìjókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wo bóyá bóòtù ló dì í mú tàbí ńṣe ni wọ́n kàn jó o mọ́ páànù, ká ti máa sọ̀rọ̀ mìíràn.

Kẹ́ńyà ti dán irú èyí wò. Mátátù ni wọ́n ń pe dáńfó tiwọn. Mínísítà wọn fún ìrìnnà, John Michuki, ló gbé òfin kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2004. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo èrò, ti iwájú ti ẹ̀yìn. Mátátù kékeré kò gbọdọ̀ gbé ju èrò 14 lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń ká ọkọ̀ lọ́wọ́ kò sí i, kó má lè sá ju kìlómítà 80 lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, èrò fẹsẹ̀ rìn. Michuki kò yí ohùn padà, mátátù sì ń padà sójú pópó lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti bẹ́líìtì. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ó so ohun mẹ́ta pọ̀, ìjókòó, iye èrò àti eré, torí kò sí èyí tó lè dá dúró láìsí ìyókù. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tó yá, ọwọ́ ọlọ́pàá dẹ̀, bẹ́líìtì di ẹlẹ́gbin, èrò sì kọ̀ láti fi kan aṣọ wọn. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó lọ aṣọ funfun nílé tó ń lọ sí báńkì ní Marina kò ní fi okùn tó ní gírísì kọ́rùn. Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ti tó.

Àwọn tó ń bẹ̀rù bẹ́líìtì náà wà, mi ò sì fojú di wọ́n. Ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun sọ fún mi pé: “Ọmọ mi, bí ọkọ̀ bá já sínú ọ̀sà, ta ni yóò tú mi?” Mo ní: “Màmá, bọ́tìnì pupa kan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ìka kan lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ọkọ̀ tó fẹ́ já sínú ọ̀sà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já irin etí afárá, ìkọlù ńlá nìyẹn. Ẹni tó ti fi orí gbá irin kó tó kan omi kò ní mọ̀ pé omi lòun wà. Ẹni tí bẹ́líìtì dì mú lè ṣì ní làákàyè tí yóò fi wá bọ́tìnì. Bákan náà ni bí ọkọ̀ bá gbiná. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ àdúrà lòun gbójú lé. Mo ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, mo sì tún fi ìka mi hàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnì náà.

Àwọn nǹkan kan wà tí bẹ́líìtì kò lè ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù kínní ọdún 2023, kọ̀ńténà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba lu bọ́ọ̀sì èrò kan mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Bẹ́líìtì kò lè gbé kọ̀ńténà. Ẹni tó bá wá fi èyí sọ pé kò wúlò, ó dà bí ẹni tó ní kí wọ́n má ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ torí pé ejò lè wọlé.

Fún ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbi tí bẹ́líìtì tó dára wà, yálà iwájú kórópe, iwájú dáńfó, tàbí bọ́ọ̀sì tí ìjókòó rẹ̀ pé: okùn ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí ikùn, eegun ìbàdí ni kó jókòó lé. Aláboyún á fà á wá sábẹ́ oyún, á sì jẹ́ kí ti òkè gba àárín ọmú méjèèjì kọjá. Ẹni tó wọ agbádá, kó ká a sókè kó tó dè é, torí bí aṣọ bá ṣù jọ sábẹ́ okùn, okùn á yọ̀ gòkè wá sórí ìfun. Ti òkè gbọ́dọ̀ gba orí èjìká. Ọ̀pọ̀ èrò máa ń tì í sábẹ́ abíyá kó má baà ha wọ́n lọ́rùn. Eegun ìhà ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn. Ẹni kan, bẹ́líìtì kan: kí ìyá má fi okùn kan náà yí òun àti ọmọ ká, nítorí ara rẹ̀ ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ okùn. Bí kò bá sí bẹ́líìtì rárá, mo máa ń sá fún ìjókòó ẹnu ọ̀nà àti èyí tí wọ́n ń ṣí palẹ̀ láàárín, mo máa ń wá ìlà àárín, lẹ́yìn ìjókòó tí kò mì.

Ta ni yóò wá máa rán èrò létí kí ọkọ̀ tó gun afárá? Kọ̀ndọ́tọ̀ ni. Òun ni gbogbo wa ń dá lóhùn. Ìgbà tó bá ń gba owó, tí ọkọ̀ ṣì ń wọ́ ní Adénìjí Àdèlé, ìgbà yẹn ló yẹ kó ké “Afárá dé o, ẹ de bẹ́líìtì!” Kò ní ṣòro fún un, torí ó ti ní irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tipẹ́, tí kò sí òfin tó kọ́ ọ. Bí obìnrin tó pọnmọ bá fẹ́ sọ̀, kọ̀ndọ́tọ̀ á lu ara ọkọ̀ pà-pà-pà, á ké: “Ó lóyún, ó pọnmọ o!” Nígbà mìíràn obìnrin náà kò lóyún rárá. Dẹ́rẹ́bà kì í wẹ̀yìn wò ó. Dẹ́rẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò bọ́ọ́lẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, á tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á dúró pátápátá. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè, á máa bú u, kò ní mira, títí ẹsẹ̀ méjèèjì ìyá ọmọ yóò fi kanlẹ̀.